Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Ìyá Funfun Fi Ṣọ́ Ajá Rẹ̀

Ìyá Funfun ni wọ́n ń pe obìnrin náà ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ó dúdú bí kóró iṣin. Aṣọ tó ń fọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Aṣọ ìtẹ́bùsùn òtẹ́ẹ̀lì méjì, kóòtù funfun àwọn dókítà ilé ìwòsàn, épírọ́ọ̀nù àwọn oníbúrẹ́dì, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Kò sí àbàwọ́n tó lè bá a figagbága. Ẹ̀jẹ̀ ni o, ẹrẹ̀ ni o, ìpara ètè ni o, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dé ibi tí yóò kú sí. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, bílíìṣì sì ti sọ èékánná rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà.

Yàrá mẹ́ta ni ilé rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ni yàrá ìfọṣọ, tó ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó dagẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn sí gọ́tà, agbada sìmẹ́ńtì méjì, àti ẹ̀rọ omi kan tí kì í yéé kán bó ti wù kí wọ́n dì í tó. Iwájú ni tábìlì ìlọṣọ wà, níbi tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń lọ aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ayọ́ọ̀nù kì í ti í sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín ni àwọn méjèèjì ń sùn. Ẹnìkẹta ilé ni ajá.

Ajá kékeré ni, kò ga dé orúnkún, àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, àfi àyà tó funfun díẹ̀. Kòkànyín ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún tí ọkọ Ìyá Funfun kú ló gbà á sílé, àwọn ará ilé ọkọ sì ń sọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí obìnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò gba ọmọ ìbátan, tó jẹ́ ajá ló lọ gbà. Bí Ìyá Funfun bá ti rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè, á bọ́ síta, á ké sí ajá rẹ̀: "Kòkànyín! Kòkànyín o!" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n túmọ̀, kó túmọ̀ ẹ̀.

Nígbà tí ara kọ́kọ́ ń yún ajá náà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ajá wo ni kì í họra? Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí itan, ó bọ́ sí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Á họ, á họ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbálẹ̀ gbà-gbà-gbà, á tún fi eyín gé irun ara rẹ̀ bí ẹni ń já ewé. Irun ikùn rẹ̀ re tán, awọ abẹ́ rẹ̀ pọ́n, èépá sì gùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò rẹ̀ wí láti ìdí tábìlì, "bí ajá yín bá ń gbẹ́ ara ẹ̀ báyìí lọ, á kan omi láìpẹ́."

Ìyá Funfun rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ó ti fi òróró àgbọn pa á lára, ajá ti lá a tán. Ó ti fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ajá ti ké bí ẹni wọ́n ń dáná sun. Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn, ní kó lọ gba ọ́ọ́lì dúdú tí wọ́n tú jáde látinú ẹ̀ńjìnnì, kó fi kun ajá náà látorí dé ìrù. Ìyá Funfun rò ó, ó wo aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun tó kún ilé, ó sì mi orí. Ọ́ọ́lì dúdú àti iṣẹ́ tirẹ̀ kò lè gbé inú ilé kan náà.

Ohun tó wá ṣe ni ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó bu omi sínú bàsíà, ó da ọṣẹ tó fi ń fọ aṣọ tó dọ̀tí jù sí i, ó gbé ajá sínú ẹ̀, ó sì gbọ́wọ́ lé e. Lọ́kàn tirẹ̀, ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí ń jẹ́. Ohun tó bá ń yún ni lára, ohun tí a kò tíì fọ̀ dáadáa ni.

Ọwọ́ rẹ̀ kan ojú egbò abẹ́ ikùn. Ajá náà yíjú fìrí, ó sì bù ú jẹ lọ́wọ́.

Kò bù ú jẹ rí. Ìyá Funfun fa ọwọ́ yọ, ó ń wo eyín méjì tó ti lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ sínú ọṣẹ. Kó tó mọ ohun tí yóò ṣe, Kòkànyín ti bẹ́ jáde kúrò nínú bàsíà, ó ti gba iwájú ilé kọjá lábẹ́ tábìlì àbúrò, ó ti dé títì. Ó dúró láàárín títì, ó ń lá ikùn ọlọ́ṣẹ rẹ̀, ó ń gé ara rẹ̀ jẹ, ó ń yí bíríbírí. Nígbà tó gbé ojú sókè, ìfóòfó funfun ti bo ẹnu rẹ̀, ó ń kán sílẹ̀.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ rí i.

"Yéè! Ajá dìgbòlugi! Ẹ gbé ọmọ yín wọlé o!"

Ẹ wo bí títì ṣe dà rú. Ilẹ̀kùn ń pa dé gbàgà, gbàgà. Àwọn tó ní bàtà bọ́ ọ, àwọn tí kò ní bọ́ sórí bẹ́ńṣì. Wẹ́dà jáde láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀pá irin gbọọrọ, awò dúdú tó fi ń jó irin ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

Ìyá Funfun sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ọṣẹ dé ìgúnpá. "Ẹ má pa á! Kòkànyín! Kòkànyín!"

Obìnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú sí i tìbínú-tìbínú. "Kò kàn wá kẹ̀? Ajá ya wèrè láàárín wa, ẹ ní kò kàn wá?"

"Orúkọ ẹ̀ ni! Orúkọ ẹ̀ ni mò ń pè!"

Wẹ́dà ti gbé irin sókè. Aṣọ ìtẹ́bùsùn òtẹ́ẹ̀lì kan wà lórí okùn níwájú ilé, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ìyá Funfun já a, ó jù ú bo ajá náà bí ẹni ń ju àwọ̀n, ó sì da ara rẹ̀ lé e lórí. Nínú aṣọ tútù yẹn, ajá náà ń gbọ̀n, òun náà ń gbọ̀n, kò mọ ìgbọ̀n ta ni ta ni. Ó gbójú sókè, ó rí ọ̀pá irin lórí rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀," ni Wẹ́dà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dìde."

"Ọṣẹ ni. Mo ń wẹ̀ ẹ́ ni. Ọṣẹ ló wà lẹ́nu ẹ̀."

"Ó ti bù yín jẹ. Mo rí ẹ̀jẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Funfun wo ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa, omi tútù kan sì dà sí i lọ́kàn. Ọṣẹ ni òun sọ pé ó jẹ́. Bí kì í bá ṣe ọṣẹ ńkọ́?

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbé lójúlé kejì sí tiwọn. Ajá kan bù ú jẹ lẹ́sẹ̀, ó fi tábà dí i, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù méjì kọjá. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé ife omi fún un, igbe tó ké, gbogbo ọmọdé tó wà lágbàlá ló gbọ́ ọ. Òùngbẹ ń gbẹ ọkùnrin náà, ó sì ń sá fún omi. Ìyá Funfun yọjú lójú fèrèsé, ó rí ojú rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fà á kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́ tó fi kú. Àádọ́ta ọdún ti kọjá, Ìyá Funfun kò tíì sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò rẹ̀ ló fà á dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ojú eyín náà, ó ń fọ̀ ọ́ títí Ìyá Funfun fi ní ó tó. "Kò tó," ni ó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò ṣe àwàdà kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ajá sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, wọ́n fi okùn di ìdérí rẹ̀, wọ́n sì lọ bá dókítà ẹranko.

Ọmọbìnrin kan ni dókítà náà, ojú rẹ̀ kéré lẹ́yìn awò rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó wo ẹnu ajá, ó wo ojú rẹ̀, ó wo bó ṣe ń rìn. Ó ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi kòkòrò dúdú kan tó ń fò hàn wọ́n. "Yọ̀rọ̀ rèé. Ó wà lára àwọn tó ń yún un. Àmọ́ ikùn yìí le ju ti yọ̀rọ̀ lọ. Kí lẹ ti fi sí i lára?"

Ìyá Funfun kà á fún un: òróró, omi iyọ̀, ọṣẹ aṣọ. Ó fi ọ́ọ́lì ẹ̀ńjìnnì tí kò lò kún un.

"Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò lò ó. Yóò gba awọ wọlé, ajá á sì lá èyí tó kù. Májèlé ni." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbẹ̀yìn?"

Ìyá Funfun wo ilẹ̀. "Ọdún méjì àtààbọ̀. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè, Dókítà."

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo gbà pé ọṣẹ ni. Ajá yìí mọ̀ yín, ó ń rìn dáadáa, ibi tó ń dùn ún lẹ fọwọ́ kàn. Àmọ́ mi ò lè búra, torí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti pẹ́ jù. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pé àrùn yẹn wà lára ẹ̀ nígbà tó bù yín jẹ, kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá kó tó hàn. Bó bá kọ oúnjẹ, bó bá kọ omi, bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ń rọ, ẹ pè mí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ lónìí. Kì í ṣe lọ́la."

Wọ́n gba oògùn tí wọ́n ń kán sáàárín èjìká ajá fún yọ̀rọ̀ àti ìpara fún ojú egbò. Wọ́n gba ilé ìwòsàn kọjá, nọ́ọ̀sì fún Ìyá Funfun ní abẹ́rẹ́, ó sì kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ mẹ́rin tó kù sórí káàdì kan.

Nígbà tí wọ́n délé, Wẹ́dà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Funfun rò pé irin ló tún gbé wá. Irin ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti jó o pọ̀, ó ti di géètì kékeré.

"Ẹ fi dínà igun kan fún un," ni ó wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Ẹ̀rù ba èmi náà, ọmọ mi. Ó ṣì ń bà mí."

Igun yàrá ìfọṣọ ni wọ́n fi ajá sí, lẹ́yìn géètì, lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí Ìyá Funfun ti lè máa wò ó láti ìdí agbada. Bí ọjọ́ mẹ́wàá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: obìnrin tó jẹ́ pé omi ni iṣẹ́ rẹ̀, tó wá ń bẹ̀rù pé òun á bẹ̀rù omi. Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á lọ sídìí agbada, á wo omi náà. Á bu ife kan, á mu ún, á dúró kó gbọ́ bóyá ọ̀fun òun yóò kọ̀ ọ́. Bó bá lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́, á mí kanlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí itọ́ bá há a díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé bí nǹkan bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kì í yá tó bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì ti ṣíwájú rẹ̀. Etí gbọ́, ọkàn kò gbà.

Kò gbà pé àrùn kò sí nínú ilé. Ohun tí ajá bá tẹ̀, á fọ̀ ọ́. Bílíìṣì tó ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tẹ́lẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ń dà á sílẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ń dà á sí ara géètì, ó ń fi fọ abọ́ tí ajá fi ń jẹun. Òórùn rẹ̀ ń ta wọ́n nímú débi pé àbúrò rẹ̀ ń lọ aṣọ tomijé-tomijé.

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ni ká fọ̀, ẹ má fọ ilé lu," ni ó wí.

Ajá náà kò sì sinmi. Yọ̀rọ̀ ti kú tán, a kò rí ẹyọ kan mọ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń họ ikùn, ó ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ. Bó bá ti họ, ọkàn Ìyá Funfun á fò sókè. Ó ń ka iye ìgbà tó họ. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń rọ. Ó ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá itọ́ pọ̀ jù. Bí ajá bá yán, ẹ̀rù á bà á.

Lọ́jọ́ kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó gbé omi fún un. Ajá náà wá sídìí abọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Ìyá Funfun ti abọ́ sún mọ́ ọn. Ajá tún fà sẹ́yìn, ó gbé imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ dùbúlẹ̀ sígun ògiri.

Jìnnìjìnnì bo Ìyá Funfun. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ fa omi, ojú gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn sì wà níwájú rẹ̀ gan-an bó ṣe rí i lójú fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ ló wá bá a bẹ́ẹ̀.

"Kò mu omi," ni Ìyá Funfun wí. "Ó ń sá fún omi. Ó ti dé."

Àbúrò kò dúró gbé gèlè. Ó sáré lọ pe dókítà ẹranko.

Ìgbà tí dókítà dé, Ìyá Funfun ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Kí lẹ dà sílẹ̀ níbí?"

"Bílíìṣì. Kí àrùn má bàa..."

Dókítà kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ omi ajá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé e sún mọ́ imú Ìyá Funfun. Òórùn náà gún un dé orí. Abọ́ tó fi bílíìṣì fọ̀, tí kò ṣan, ló bu omi sí.

"Ẹ̀yin lè mu ún bí?" Ó ṣan abọ́ náà lábẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bu omi tuntun, ó tì í wọ abẹ́ géètì. Ajá náà gbórí sókè. Ó dìde. Ó wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a, pàlà-pàlà-pàlà, títí ìdí abọ́ fi hàn.

Ìyá Funfun bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àbúrò rẹ̀ náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi eteetí kóòtù ilé ìwòsàn kan tó yẹ kó lọ̀ nu imú.

Dókítà ti kúnlẹ̀, ó ń fi ìka kan sìmẹ́ńtì. "Ìyá, èyí ni mo ń wá lọ́jọ́sí. Níbí ló ń sùn látẹ̀yìnwá?"

"Níbí ni. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù."

"Ó sì kéré, ikùn ẹ̀ ń gbálẹ̀. Ẹ̀yin ń wọ bàtà, òun ò wọ nǹkan kan. Bílíìṣì ló ń jó o. Yọ̀rọ̀ kàn wá bá a níbẹ̀ ni."

Ìyá Funfun wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, tó ti bó, tó ti rí wínniwìnni láti ọdún wọ̀nyí wá. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Kò sọ ọ́ síta. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é, àbí?"

"Ẹ ò mọ̀ ni," ni dókítà wí.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé géètì lọ sí iwájú ilé, sí abẹ́ tábìlì ìlọṣọ, wọ́n tẹ́ aṣọ gbígbẹ síbẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi omi lásán ṣan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù kò tíì lọ o. Ọjọ́ keje, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án, Ìyá Funfun ṣì ń mu omi àárọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìfura. Ṣùgbọ́n ajá ń jẹun, ìrù rẹ̀ ń jù, ojú egbò rẹ̀ sì ń gbẹ. Nígbà tí ọjọ́ kẹwàá pé, dókítà wò ó látimú dé ìrù, ó ní kò sí dìgbòlugi kankan níbẹ̀, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò gbà láti ọdún méjì àtààbọ̀. Nọ́ọ̀sì ní Ìyá Funfun lè fi tirẹ̀ mọ síbẹ̀. Ó ní rárá, kí wọ́n gún un pé. Ó gba márààrún.

Irun ikùn ajá náà hù padà láàárín oṣù méjì, àfi ibì kan tó tó kọ́bọ̀ kan, tó ṣì pá títí dòní. Ìyá Funfun kò fi bílíìṣì sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni, àmọ́ kò dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì ń wọ ìbọ̀wọ́. Obìnrin orí bẹ́ńṣì ọjọ́sí ń kí i báyìí. "Kòkànyín ńkọ́?" ni ó máa ń wí, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í wọlé kó jáde lọ́jọ́ kan. Láìpẹ́ yìí, àbúrò lọ ra ṣítáàsì, Ìyá Funfun dúró sídìí tábìlì, ó ń lọ kóòtù dókítà kan. Lábẹ́ tábìlì, ajá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó họ etí: gbà-gbà-gbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá Funfun dúró gbagidi, ayọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó ń tẹ́tí kó gbọ́ èkejì. Èkejì kò wá. Èéfín ló wá.

Àbúrò wọlé, ó wo apá kóòtù tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ajá tó ti sùn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ó họ etí, ẹ jó apá. Bó bá sín ńkọ́, ṣé ilé lẹ máa sun ni?"